Mo fẹ́ kó rẹ́ńdà lọ sórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníbéèrè, Adó-Èkìtì: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Blender, ètò kọ̀ǹpútà fún eré àwòrán 3D, ni mo fi ń ṣe eré kékeré kan lórí ìsun omi Ìkògòsì, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré ni, àmọ́ ní fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 24 fún sẹ́kọ́ńdì kan, fírémù 2,160 ni. Làptọ́ọ̀pù mi ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin láti ṣe rẹ́ńdà ọ̀kan, ìyẹn láti ṣírò rẹ̀ di àwòrán. Wákàtí 144 nìyẹn, ọjọ́ mẹ́fà gbáko, bí iná kò bá lọ. Ẹ̀yin náà mọ Adó. Tó bá sì ti ń ṣe rẹ́ńdà, n kì í lè fi ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí eruku ti bò. Mo dán an wò, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ń lò. Ṣé kí n kó gbogbo iṣẹ́ lé e lórí, àbí kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é?

Ọmọ Ìkéré: Jẹ́ kí wọ́n jọ ṣe é, àbúrò. Wàá bọ́ sí nǹkan bíi wákàtí 86. Ṣùgbọ́n ṣé MP4 lo fẹ́ kó gbé jáde? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yáa yí i sí PNG, kí fírémù kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì àwòrán tirẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín MP4, fáìlì yẹn lè má ṣí mọ́ rárá. PNG, èyí tó ti jáde ti jáde nìyẹn. Tó bá parí, o máa tò wọ́n pọ̀ di fídíò nínú Blender kan náà.

Fún pípín rẹ̀, gbé 1 dé 1,296 fún làptọ́ọ̀pù, kí èkejì mú ìyókù. Má wulẹ̀ ṣí Blender lórí èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ, kọ eléyìí sí terminal (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà):

`blender -b ikogosi.blend -s 1297 -e 2160 -a`

`-s` ni fírémù ìbẹ̀rẹ̀, `-e` ni ti òpin, `-a` ló ní kó ṣe rẹ́ńdà wọn, òun ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn o. Mo ti fi ṣíwájú rí. Ìgbà tí mo jí, láti fírémù 1 ló ti bẹ̀rẹ̀. Odindi òru kan, pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀!

Ìyá Oníkátúùnù: Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì dárúkọ omi. Omi Ìkògòsì yẹn, ṣé ẹ ti bake rẹ̀, ìyẹn kí Blender ti ṣírò bó ṣe ń ṣàn sílẹ̀ ṣáájú? Pack Resources máa kó àwọn àwòrán sínú fáìlì, àmọ́ kì í kó cache omi, ìyẹn àbájáde ìṣirò tó fi pamọ́. Ẹ da fódà cache náà kọ sórí flash pẹ̀lú .blend, kí ẹ sì rí i pé `//` ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rẹ̀, kí Blender lè máa wá a láti ibi tí .blend wà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi á ṣàn dé ìdajì eré, ìdajì kejì á gbẹ. Kí Blender méjèèjì jẹ́ version kan náà pẹ̀lú. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá ní káàdì àwòrán (GPU), ẹ lọ yàn án nínú Preferences tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ CPU ló máa lò.

Bọ̀dá Ìkọ̀lé: Kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ sí render farm orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kọ̀ǹpútà tó ń báni ṣe rẹ́ńdà?

Ìyá Oníkátúùnù: Pẹ̀lú cache omi? Dátà ta ni, bọ̀dá?

Ọmọ Ìkéré: Ohun kan kù. Bí wáyà bá so wọ́n pọ̀, kí méjèèjì máa kọ sínú fódà kan, ẹ má pín nọ́ńbà rárá. Pa Overwrite, tan Placeholders. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé fírémù kan á fi fáìlì òfìfo di ààyè mú, èkejì á fò ó. Àmọ́ bí iná bá lọ, wá òfìfo tó kù sílẹ̀, kí o pa á rẹ́ kí o tó tún bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n á máa fò ó lọ ni.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Omi ni ò jẹ́ kí tèmi ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò bake nǹkan kan! Mo ti bake rẹ̀, mo dán fírémù mẹ́wàá wò lórí méjèèjì, wọ́n bára mu. Mo ra wáyà. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, òfìfo méjì ni mo pa rẹ́ nígbà kìíní, ẹyọ kan nígbà kejì. A ti dé 1,413 báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wo mítà rẹ̀ ni o. Ó ní kí n yọjú.