Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kòkòrò ti wọ inú pòròpórò àgbàdo mi

Àgbẹ̀Ìṣẹ́yìn: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn tí mo gbìn sí Ìṣẹ́yìn kò tíì ga ju orúnkún lọ tí ewé àárín rẹ̀ ti ń gbẹ. Tí mo bá fà á, wẹ́rẹ́ ló ń yọ sọ́wọ́, ìdí rẹ̀ á ti jẹrà. Mo fín oògùn sí i, pàbó ló já sí. Oògùn wo ló kù?

ỌmọOlóko: Ṣé kì í ṣe armyworm, kòkòrò ajewé àgbàdo tó dé ní 2016 yẹn? Wo iwájú orí rẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì Y tó dorí kodò, òun náà ni. Kóró dóńgóyárò ni èmi ń gún, màá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, màá sẹ́ ẹ, màá fín in sí àárín ewé nírọ̀lẹ́. Oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

ÌyáAlágbàdo: Ọmọ mi, mú ọ̀bẹ, la pòròpórò kan láti ìdí dókè. Tó o bá rí ihò tóóró láàrin, tí ìgbẹ́ kòkòrò kún inú rẹ̀ bí èlùbọ́ tómi ta sí, tí ìdin ibẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú, kì í ṣe armyworm. Sesamia nìyẹn, ìdin tó ń jẹ inú igi àgbàdo. Oògùn tó o fín kò lè bá a níbi tó wà! Àfòpiná ló ń yé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ ibi tí ewé ti di igi mú. Kí ìdin tó ráyè wọlé ni oògùn ń ràn án. Tí àgbàdo bá ti hù tó ọ̀sẹ̀ méjì, máa yẹ abẹ́ ewé wò.

BàbáẸlẹ́gẹ̀ẹ́: Pòròpórò èṣí dà? Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Àwọn kan á kó o jọ sábẹ́ igi, wọ́n á tún máa bẹ̀rù kòkòrò.

ỌmọOlóko: Bàbá, ká dáná sun ún ni? Ilẹ̀ ńkọ́?

BàbáẸlẹ́gẹ̀ẹ́: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalasa kí oòrùn pa á, má nà án ró. Gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín àgbàdo pẹ̀lú, àfòpiná ò ní tètè rí ibi tó ń wá. Kí o sì tètè gbìn, tọ̀gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jẹ jù.

OníṣòwòIrúgbìn: Irú àgbàdo kan tí wọ́n ń pè ní TELA wà o. Ní 2024 ni ìjọba gbà kí wọ́n máa tà á, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni SAMMAZ 72T títí dé 75T. Ó ń kojú kòkòrò inú igi àti armyworm. Àwọn kan ò fẹ́ rí i sójú nítorí pé wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Ẹ ṣáà má rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ.

Àgbẹ̀Ìṣẹ́yìn: Màmá, mo ti là á. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni lóòótọ́, méjì ló wà nínú igi kan ṣoṣo! Ṣé kí n tún àgbàdo gbìn sáwọn àlàfo?

ÌyáAlágbàdo: Rárá o. Fa èyí tó ti gbẹ tu, gbé e fún ewúrẹ́, má jù ú sẹ́bàá oko. Ẹ̀wà ni kó o fi dí àlàfo.