Èsì: "Báńkì Mùsùlùmí" àbí "báńkì aláìlélé"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àtẹ̀yìnwá.

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó máa pe "Islamic banking" ní Yorùbá, ìyẹn báńkì tó ń tẹ̀lé òfin Mùsùlùmí, tí kì í gba èlé lórí owó. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ifẹ̀ fẹ́ "báńkì Mùsùlùmí", wọ́n ní bí a bá yọ ẹ̀sìn kúrò, á dà bíi pé a ń fi nǹkan pa mọ́. Àwọn yòókù fẹ́ "báńkì aláìlélé".

Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ "báńkì Mùsùlùmí" yẹn á lé èèyàn sá ni. Ìyá kan tó ń ta ẹja inú fíríísà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, níbí ní Iléṣà, gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọ́n ní: "Wọn ò ní ní kí n kọ́kọ́ kírun?" Bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́sìn yòówù ló lè ṣí àkáǹtì níbẹ̀. "Aláìlélé" náà ni Báńkì Àpapọ̀ lò nínú ìlànà ọdún 2011. Nígbà tó di 2012 ni Jaiz, ọ̀kan nínú irú báńkì yìí, ṣílẹ̀kùn.

Àmọ́ "aláìlélé" ń tan èèyàn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé owó ọ̀fẹ́ ti dé. Ká ní ìyá yìí fẹ́ ra fíríísà ₦600,000. Báńkì ò ní kówó lé wọn lọ́wọ́. Báńkì á ra fíríísà náà, á di tiẹ̀, á wá tà á fún wọn ní ₦720,000, kí wọ́n máa san ₦60,000 lóṣooṣù fún ọdún kan. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó san án tán, gbèsè yẹn ò ní lé kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní mùráábáhà nìyẹn.

Ta ló wá fẹ́ fi èyí kọ́ Ìjẹ̀ṣà? Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, máa ń kiri aṣọ, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n ń bu èrè wọn lé e, wọ́n á sì lóṣó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi pé. (Báńkì ò ní lóṣó ní tiẹ̀, onídùúró ni yóò béèrè.) "Àwìn Òṣómàáló" ni mo mú wá fún mùráábáhà, bó tilẹ̀ ní ìtìjú díẹ̀ nínú.

Súkúùkù ní tiẹ̀, ìyẹn ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé nínú, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ìjọba Aregbesola fi kó ₦10 bílíọ̀nù jọ lọ́dún 2013 láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀ṣun, tọmọ Kìrìyó tọmọ Mùsùlùmí ló sì ń kàwé níbẹ̀.

Fún báńkì fúnra rẹ̀, "alájọjèrè" ń wù mí. Ibi tó kù sí ni múdáráábà, níbi tí ẹnì kan ti ń mú owó wá, tí ẹlòmíràn sì ń fi ṣòwò: wọ́n jọ ń pín èrè lóòótọ́, àmọ́ bí òwò bá fọ́ láìsí ìwà àìbìkítà, olówó nìkan ni owó rẹ̀ ṣòfò. "Alájọjèrè" ò mẹ́nu ba ìyẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gba èrè àti òfò pọ̀ kó mú un wá.