Oró yàtọ̀ sí ewu: lórí ọ̀rọ̀ oògùn koríko

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo rí àbá yín pé kí "ewu" dúró fún hazard (agbára tí nǹkan ní láti pani lára) àti risk (bó ṣe ṣeé ṣe tó pé yóò pani lára) pa pọ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú glyphosate, oògùn koríko tí àwọn àgbẹ̀ ń fín lóko wa ní Ifẹ̀ níbí. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ní ó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, JMPR, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àṣẹ́kù oògùn oko inú oúnjẹ wò, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà àti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, jọ ni, ní kò jọ pé èyí tó ń bá oúnjẹ wọlé lè fà á. Mo fi "ewu" túmọ̀ méjèèjì fún bàbá mi lóko. Wọ́n ní, "Ọ̀kan nínú wọn ń parọ́." Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀, ìtumọ̀ mi ni kò dáa.

Oró, ìyẹn hazard, ni IARC ń wá: ṣé ó wà nínú nǹkan ọ̀hún rárá? Ewu, ìyẹn risk, ni JMPR ń wá: èló nínú rẹ̀ ló ń dé ara ẹni tó ń jẹun? Oró ń bẹ lẹ́nu paramọ́lẹ̀ tó ká jọ sínú igbó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá láìwọ bàtà ló wà nínú ewu. Ìdí nìyí tí IARC fi to ẹran pupa sí ipele 2A (ìyẹn àwọn ohun tó jọ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ) pẹ̀lú glyphosate láìsọ pé bákan náà ni wọ́n ṣe burú tó.

Mo mọ̀ pé "oró" ò ní bá kòtò ojú títì mu, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń pe ìyẹn náà ní hazard. Kí àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà wá tiwọn. Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà la wà yìí.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ tuntun bo àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, náà wá oró yìí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 ó ní kò jọ pé ó wà. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò ló yàtọ̀. Ìwádìí tí gbogbo ayé lè rí kà ni IARC lò, ó sì wo àpòpọ̀ oògùn bí wọ́n ṣe ń tà á. EFSA dá glyphosate gan-an yẹ̀ wò, ó sì ka ìwádìí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ mọ́ ọn. Àpòpọ̀ sì ni bàbá mi ń gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Ó ku "probably", ọ̀rọ̀ tí IARC lò fún ipele 2A, tí ẹ túmọ̀ sí "ó ṣeé ṣe". Ipele 2B, tí wọ́n ń pè ní "possibly", ló ni ìyẹn. Ẹ̀rí ti 2A lágbára jù ú lọ. "Ó jọ pé" ni mo lò lókè. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ wá kí n tó padà sóko lọ́jọ́ Sátidé.