Òkété ń gbẹ́ bèbè odò, omi ń kó ilẹ̀ lọ: kí ni kí n gbìn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oko kòkó bàbá mi wà létí odò nítòsí Ìkirè, bèbè rẹ̀ sì ń ya lọ́dọọdún. Ibi tí òkété bá gbẹ́ ihò sí ló ń kọ́kọ́ ya. Omi òjò á gba ẹnu ihò wọlé, á máa fọ iyẹ̀pẹ̀ láti inú, tó bá yá, òkè rẹ̀ á wó tòun ti igi kòkó. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tí oparun wà, bèbè ṣì dúró digbí.

Àwọn kan ní koríko vetiver ló dára jù, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, ó lè jìn tó mítà 3, nígbà tí ti oparun kàn ń tàn kálẹ̀ lókè. Ẹ̀rù mi ni pé bí omi bá gbẹ́ abẹ́ oparun, ìwúwo rẹ̀ lè fa ilẹ̀ wálẹ̀.

Ta ló ti gbin méjèèjì pọ̀ rí? Ṣé kí n kọ́kọ́ dí ihò òkété, àbí wọ́n á tún gbẹ́ òmíràn? Níbo ni mo ti lè rí ọmọ vetiver rà ní Ọ̀ṣun kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé?