Ìrírí mi: ọjọ́ tí ẹni tí mo yà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tó ṣáájú ti sọ tiwọn nípa ẹ̀kọ́ àwòrán tí wọ́n ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ́ character animation, ìyẹn yíya ẹ̀dá inú àwòrán tó ń rìn tó ń mira, àmọ́ ká má parọ́, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Lọ́dún kìíní, mo ka life drawing, ìyẹn yíya ẹni gidi (mọ́dẹ́ẹ̀lì) tó dúró síwájú ẹni, sí wàhálà àwọn tó ń fi ọ̀dà yàwòrán. Kí ló kan èmi tí mò ń ya ọkùnrin olórí rogodo tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ? Mo máa ń pẹ́ dé kíláàsì náà ni. Bí mo bá sì dé, orí ojú àti irun mọ́dẹ́ẹ̀lì ni màá ti lo gbogbo àkókò mi tán. Ojú á dára, ara á wá dà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Yíya bọ́ọ̀lù tó ń ta mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ animation, kò yọ mí lẹ́nu. Èyí tó fojú mi rí màbo ni ti ẹni tó ń rìn. Férémù 24, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tí fíìmù ń fi hàn tẹ̀ léra, ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwòrán kan bá dúró fún férémù méjì, àwòrán 12 lèèyàn máa yà, ó sì tó fún ìṣísẹ̀ méjì. Mo ya ẹsẹ̀ kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, mo fi àwọn yòókù dí àárín. Mo ní kó máa lọ. Háà! Ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀, ẹni náà kò tẹ ilẹ̀. Ṣe ló ń yọ̀ lọ bọ̀ọ̀rọ̀, orí rẹ̀ ò sì mì rárá, bí ẹni tó ru omi kíkún.

Olùkọ́ wa wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni wọ́n béèrè pé, "Ẹsẹ̀ wo ló gbé e dúró?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo tún un yà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ yẹn. Mo jẹ́ kí ọwọ́ máa jù, mo fi aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kún un. Ìranù gbáà ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ló wá dúró fún wa. Ìdúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá la fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ò tiẹ̀ ráyè ojú àti irun. Nígbà tí a sinmi, màmá lọ jókòó. Àkókò pé, wọ́n fẹ́ dìde, èmi náà ṣáà ń wò wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sábẹ́ àga. Wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá orúnkún. Wọ́n fi ọwọ́ ti itan. Ìgbà yẹn gan-an ni ìdí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àga. Wọ́n dìde tán, ara fì síwájú díẹ̀ kó tó padà, wọ́n wá gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún: ìbàdí ọ̀tún gòkè, èjìká ọ̀tún wálẹ̀.

Mo yára fi èédú ya á sí igun bébà, àwòrán kéékèèké mẹ́fà. Ọ̀kan ò lójú, òmíràn ò lọ́wọ́. Wọn ò dára wò rárá, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo.

Mo délé, mo ń jókòó, mo ń dìde, títí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi bi mí bóyá nǹkan ń ta mí ní ìdí. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò: ẹ na ẹsẹ̀ síwájú, ẹ gbé ẹ̀yìn dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ wá dìde láìtẹ̀ síwájú. Orí àga yẹn lẹ máa wà.

Nígbà tí mo padà sí ẹni tó ń rìn, mo rí ohun tí mo fò. Bí gìgísẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, orúnkún máa ń tẹ̀ láti gba ara dúró, gbogbo ara á wálẹ̀ kó tó tún gòkè bí ẹsẹ̀ kejì ṣe ń kọjá. Wíwálẹ̀ yẹn ni mi ò yà. Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Ó wà nínú fọ́tò àwọn tó ń rìn tí Muybridge, ayafọ́tò kan, gbé jáde ní 1887, mo sì ti wo àwọn fọ́tò náà lọ́dún kìíní. Ojú mi ò kàn rí i ni.

Yíya ọwọ́ ṣì ń dà mí láàmú, ẹni tí mo yà ò sì tíì lè yí padà láìdà bí ilẹ̀kùn. Ibi tí mo dé nìyẹn.

Èsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí kọ̀ǹpútà ni tèmi, Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe animation, ni mò ń lò. Èmi rò pé ẹ̀rọ á bá mi gbé ìwúwo yẹn. Irọ́ ni! Ẹsẹ̀ tó yẹ kó dúró lójú kan ń yọ̀ lọ sẹ́yìn. Àmọ́ èmi ò rí kíláàsì tó ní mọ́dẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ni mò ń yà. Wọ́n ń ṣe dáadáa, nítorí ó ń rẹ̀ wọ́n.

Èsì:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì rí fi tèmi kún un. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ní kí n fi dúró, mo sì gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan bí òmùgọ̀. Kó tó di ìdajì, ẹsẹ̀ náà ti kú, itan mi ń gbọ̀n. Mo lọ wo bébà wọn nígbà tí a sinmi. Ẹsẹ̀ méjèèjì rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, àfi ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn. Inú bí mi díẹ̀, kí n má parọ́.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Ó dájú pé èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí màmá yẹn. Ní kíláàsì tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yà.