Títì tó yà fún sàréè: ìrírí wa pẹ̀lú ìwé My Ántonia

Ìyá Tóbi, Omaha

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí òkè n'Íbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo dé Nebraska, ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹní, kò sí òkè, kò sí igbó, ojú ọ̀run sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fún mi ní ìwé ìtàn àròsọ yìí, My Ántonia, tí òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, Willa Cather, gbé jáde ní 1918.

Virginia ni wọ́n bí Cather sí. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Nebraska ní 1883. Ní Red Cloud, ìlú kékeré kan níbẹ̀, ló ti mọ Annie Sadilek, ọmọ àgbẹ̀ tó ti Bohemia (ní ilẹ̀ Czech, ní Yúróòpù) wá, tó ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílé aládùúgbò. Annie yìí ló di Ántonia nínú ìwé. Bàbá Annie gbẹ̀mí ara rẹ̀, ìtàn náà sì wà lára àwọn tí Cather kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tó débẹ̀.

Nínú ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Shimerda ni bàbá ọ̀hún. Ahunṣọ ni nílé, ó sì mọ gòjé ta. Òtútù, ìṣẹ́ àti àárò ilé ló parí ẹ̀. Torí pé ó gbẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn ará Norway tó wà ládùúgbò ò gbà kí wọ́n sin ín sí itẹ́ wọn. Àáké ni wọ́n fi gé ilẹ̀ tó ti dì. Ìyàwó rẹ̀ taku pé igun ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n máa sin ín sí, níbi tí títì méjì máa wá pàdé tó bá yá. Títì dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba orí sàréè kọjá: èyí tó ti àríwá bọ̀ yà díẹ̀ sí ìlà oòrùn, èyí tó ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ yà sí gúúsù, koríko pupa sì ga níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gé e. Jim tó ń sọ ìtàn ní kò síbi tí òun fẹ́ràn tó ibẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn.

Mo pa ìwé dé. Ní abúlé bàbá mi, inú igbó ni wọ́n ń sin ẹni tó bá pokùn so sí. Wọ́n á ṣètùtù, orúkọ rẹ̀ á sì parẹ́ lẹ́nu gbogbo ayé. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Ó máa ń sun àgbàdo fún wa. Ìdí sàréè Shimerda ni mo ti sunkún rẹ̀.

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà

Ẹ ṣeun mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi, ohun ìtúlẹ̀ ló mú mi. Oòrùn ń wọ̀, Jim àti Ántonia pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin rí ohun ìtúlẹ̀ kan tí wọ́n fi sílẹ̀ lóko, ó dúdú kirimú láàárín oòrùn pupa, ó tóbi fàkìà-fakia. Kò pẹ́, oòrùn rì, ó padà di nǹkan kékeré. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ìrántí ń ṣe nìyẹn. Jim ti di lọ́yà rélùwéè kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ló gbé ga.

Ṣùgbọ́n ìrántí ń fo èèyàn dá. Òfin 1862 ni wọ́n fi ń pín ilẹ̀ ní éékà 160 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilẹ̀ àwọn Pawnee, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wà nínú Nebraska yẹn, láàárín àwọn ọdún 1870 ni wọ́n sì kó wọn lọ sí ibi tó di Oklahoma. Nínú ìwé, ohun tí mo rí nípa àwọn onílẹ̀ ò ju ipa róbótó kan nínú koríko, níbi tí wọ́n ti ń gẹṣin yípo nígbà kan. Ó dùn mí. Nílé tiwa náà, tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ogun Kírìjì, àwọn akọni wa nìkan ni wọ́n ń dárúkọ.

Ìyá Tóbi, Omaha

Òótọ́ lo sọ, àbúrò mi. Mo padà lọ ka ibẹ̀. Yìnyín àkọ́rọ̀ ló jẹ́ kí ipa yẹn hàn kedere, Jim sì kà á sí àmì ire fún ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Ire ta ni? Ó yẹ ká bi í.

Ilé Annie ṣì wà lóko, kò jìnnà sí Red Cloud, pẹ̀lú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Ántonia ti rọ́ jáde nínú ìwé. Ìwé náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí orí ayélujára. Ẹni tó bá ti kà á, kó wá sọ èyí tó mú tiẹ̀.