Ta ló sọ pé ọkùnrin ló ni anime (kàtúùnù ilẹ̀ Japan)? Ẹ wá sọ ìrírí yín l'Ékìtì

Ará Basiri, Adó
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí láìjà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì EKSU l'Ádó, họ́sítẹ́ẹ̀lì ọkùnrin ni anime ń gbé. Ẹni tó bá ní háàdì díráìfù tí Naruto àti Bleach kún inú rẹ̀, ọba kékeré ni. Tirẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ kí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti dún báyìí, a ó há sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ó di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọmọbìnrin wo ló máa wọ ibẹ̀ lóru? Pọ́tà á lé e. Lójú tiwa, obìnrin kì í wo anime nìyẹn.

Àìpẹ́ yìí ni mo sin àbúrò mi obìnrin lọ síbi táwọn olólùfẹ́ anime péjọ sí l'Ádó. Obìnrin ló di máìkì mú. Obìnrin ló ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin ló ń ta sítíkà àti àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Àwa ọkùnrin, ìdí géèmù la pọ̀ sí. Ìgbà wo ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀?

Ọmọ FUOYE, Ọyẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. A ti wà ńbẹ̀ tipẹ́, ẹ ò kàn rí wa ni. Ẹni tí háàdì díráìfù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó máa wò, ọwọ́ yín ló sì wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń bá mi gbà á, tó bá wù ú. Fóònù ló yọ mí lọ́wọ́ ẹ̀bẹ̀: mo ra dátà mi, mo wo ohun tó wù mí lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọmọkùnrin kan ní kí n ka orúkọ gbogbo àwọn Akatsuki, ẹgbẹ́ ọ̀daràn inú Naruto, kí òun tó gbà pé mò ń wò ó lóòótọ́. Mo kà wọ́n. Ó tún bi mí pé òrùka ta ló wà ní ìka wo! Èmi náà wá bi í pé ta ló kọ ìtàn Fullmetal Alchemist. Ó ní "ọkùnrin kan ni ní Japan." Hiromu Arakawa, obìnrin ni, ó kàn fún ara rẹ̀ ní orúkọ tó dún bíi ti ọkùnrin ni. Rumiko Takahashi tó kọ Inuyasha ńkọ́? Obìnrin. Wọ́n fi ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí.

Ẹni tó bá ní ọkùnrin ló kọ́kọ́ pọ̀ nídìí ẹ̀, ti Amẹ́ríkà ló ń sọ, kì í ṣe ti Japan. Comiket, ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta manga (ìwé ìtàn aláwòrán ti Japan) àfọwọ́ṣe ní Tokyo, oṣù Kejìlá 1975 ló bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 700 èèyàn ló wá, ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Amẹ́ríkà ni ọkùnrin ti kọ́kọ́ pọ̀. Ìgbà tí anime Sailor Moon ti Naoko Takeuchi dé orí tẹlifíṣọ̀n wọn ní 1995, tí manga àwọn ọmọbìnrin sì wá kún ṣọ́ọ̀bù ìwé, làwọn obìnrin ya wọlé.

Aránṣọ, Ìkẹ́rẹ́
Èmi ò mọ kàtúùnù, àwọn kọ́sítọ́mà tó fẹ́ múra bí ẹ̀dá inú rẹ̀ ló kọ́ mi. Ẹni àkọ́kọ́ gbé fọ́tò wá: ẹ̀wù dúdú gbọọrọ, ìkùukùu pupa lára rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn lẹ fẹ́ dá sílẹ̀?" Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tójú ń rí nílé ìwé wa. Ó fi àwọn Akatsuki yẹn hàn mí lórí fóònù títí mo fi gbà.

Ní báyìí, obìnrin ló ń wá jù. Ọkùnrin á sanwó, á ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Obìnrin á ra aṣọ fúnra rẹ̀, á jókòó ti máṣíìnì, á bá mi jà lórí kọ́là. Ọ̀kan ní òun fẹ́ ṣe Levi, ọmọ ogun inú anime Attack on Titan. Ọkùnrin ni Levi o! Ṣòkòtò funfun, bẹ́líìtì yí itan ká, ó gba àyà kọjá. Awọ tí wọ́n fi ń ṣe bàtà la lọ rà lọ́wọ́ oníbàtà, a gé e, a fi ọwọ́ rán an, nítorí abẹ́rẹ́ máṣíìnì mi ṣẹ́. Ọmọ náà ò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fi ìgbẹ̀yìn owó jìn ín.

Ọmọ Adó, l'Ékòó báyìí
Mo ti múra bí ẹ̀dá inú anime lọ sí Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìtàn aláwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ó dùn, àmọ́ èèyàn tí mi ò mọ̀ rí gbá mi níbàdí mú nítorí fọ́tò, ó ní ṣebí tìtorí ká lè wò mí ni mo ṣe múra. Kì í ṣe tiwa nìkan: New York Comic Con gbé pátákó kọ́ ní 2014 pé cosplay, ìyẹn irú ìmúra bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àṣẹ láti fọwọ́ kan èèyàn.

Èyí tí mo wá lọ nílé l'Ádó, àwọn ọmọbìnrin tó ṣètò rẹ̀ ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà: "Bèèrè kí o tó ya fọ́tò. Má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni." Bọ̀dá kan kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé kí ló dé, ṣé olè ni òun ni. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó ka owó rẹ̀ padà fún un, ó sì pe ẹni tó kàn.